Fáyólìn Tí Mo Gbẹ́ Nínú Yàrá Kòkó

Àbúrò bàbá mi ọkùnrin, ẹni tí gbogbo ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ sí Ọ̀gá Akọrin, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, mo sì lè tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́, n kò sì ní gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ orí mi ti tó ti ẹni tí ń sọ òtítọ́ láìwo ẹ̀yìn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ìbá bí nínú ti wọlẹ̀ sùn, àwọn ọmọ wọn kì í sì í ka ìwé.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Fáyólìn kan ṣoṣo ni ó wà ní àdúgbò wa, àbúrò bàbá mi ni ó sì ni ín. Òyìnbó kan tí ó kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ó fún un nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí ìlú rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, ó máa ń kó ọmọkùnrin mẹ́fà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, yóò máa kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi a gbé korobá omi mi kalẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, n ó máa gbọ́. Kí àwọn ọmọkùnrin náà tó mọ orin kan, mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì mọ ibi tí ìka wọn ti ń ṣìnà. Ní ọjọ́ kan mo kúrò lẹ́yìn fèrèsé, mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan."

Àwọn ọmọkùnrin ni ó yíjú sí.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí yóò máa gúnyán fún ọkọ ló fẹ́ máa ta gòjé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi jókòó sílẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó dùn mí ju ẹ̀rín lọ. "Lọ bá ìyá rẹ ní ilé ìdáná. Ọwọ́ tó ń di ọmọ odó mú kì í mọ okùn tẹ̀."

Títí mo fi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìyàwó Alágòjé ni wọ́n ń pè mí. Nínú àwọn ọmọkùnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà, kò sí ẹyọ kan tí ó ta orin kan délẹ̀ rí. Ọ̀kan di awakọ̀, ọ̀kan di ọlọ́pàá, àwọn yòókù di ohun tí n kò bèèrè.

Mo kàwé débi tí àwọn ará ilé wa kò retí. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, ìyàwó olùkọ́ kan tí a jọ ń gbé àdúgbò kọ́ mi ní fáyólìn fún ọdún méjì lórí tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó lọ, ó gbé e lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní kí n má da ara mi láàmú, ó ní a ó ra ọ̀kan bí àwọn ọmọ bá ti jáde ilé-ìwé. Àwọn ọmọ jáde. Mọ́tò ni a rà.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde, a jó. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin tí a ti jọ ń jókòó nínú ọ́fíìsì kan láti ọdún mẹ́jọ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ti ní tiyín báyìí. Ẹ bá wa fi àga yẹn sílẹ̀ o." Mo fi í sílẹ̀. Ní Adó, olú ìlú tuntun wa, orí bẹ́ńṣì ilé-ìwé ni a kọ́kọ́ jókòó lé, orí itan ni a sì ti ń kọ̀wé. Mo fara dà á fún ọdún kan àti ààbọ̀, mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí ilé bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́. Opó ni mí, àwọn ọmọ mi ti lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì sì wà ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹnu ṣe ọmọ bàbá mi láti òkèèrè.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé náà tí bàbá mi máa ń kó àpò kòkó sí. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó ga sókè díẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà ba kòkó jẹ́, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí àpáta Olósùnta. Níbẹ̀ ni mo sọ di ibi iṣẹ́. Mo ra ayùn, mo ra ìfági kékeré kan, alágbẹ̀dẹ kan sì rọ ọ̀bẹ ìgbẹ́gi mẹ́ta fún mi tí ẹnu wọn tẹ̀ bíi ṣíbí. Mo ní ìwé kan tí àwòrán fáyólìn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n gbogbo ara rẹ̀. Físíìsì ti kọ́ mi bí ohùn ṣe ń jáde lára igi. Ohun tí kò kọ́ mi ni bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Ìsẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ àwọn àga àtijọ́. Ó gbọ́ tán, ó gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀.

"Mọ̀mí, kí lẹ fẹ́ fi iṣẹ́ káfíńtà ṣe lọ́jọ́ ogbó? Àbí ẹ fẹ́ kan pósí ara yín sílẹ̀ ni?"

"Bí mo bá kàn án tán, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ tẹ́ sínú rẹ̀ kí n fi wo gígùn rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti gbà mí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ̀ ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kọ́ mi láti máa fi ọ̀bẹ tẹ̀lé ìlà ara igi, ó kọ́ mi láti máa pọ́n irin kí ó tó kú, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá kú. Ó tún sọ fún mi pé kí n má fi igi tútù ṣe ohunkóhun. "Òpùrọ́ ni igi tútù, Mọ̀mí. Lónìí á ní òun tọ́, lọ́la á yí ẹnu padà." Òun kò sí lára àwọn tí mò ń bá ṣẹjọ́ níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ igi gbígbẹ yìí ni ó rán mi létí àjà ilé ìdáná ìyá mi. Ìyá mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà obìnrin kan ti máa ń ṣe láyé ìgbà náà, ti ra pákó arère mẹ́ta sílẹ̀ de pósí ara rẹ̀. Ó tò wọ́n sí àjà lókè iná kí èéfín máa rìn lára wọn, kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Nígbà tí ó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ojú yóò ti àwọn bí wọ́n bá sin ìyá àwọn nínú pákó tí èéfín ti sọ di dúdú. Pósí dídán tí ó ní ọwọ́ bíi wúrà ni wọ́n gbé wá láti Èkó, òun ni a sì fi sin ín. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́. Pákó mẹ́ta náà wà lórí àjà síbẹ̀. Mo sọ wọ́n kalẹ̀, mo fá dúdú ara wọn kúrò, igi abẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ó sì fúyẹ́. Mo fi ìka kàn án. Ó dáhùn.

Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò sọ̀rọ̀. N kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àbúrò bàbá mi lé mi padà sí ilé ìdáná, òun ni ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi tí ó ní kí n lọ ka ìwé mi.

Arère yẹn ni mo fi ṣe iwájú fáyólìn náà. Pákó àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fá a títí ó fi fẹ́lẹ́ jù, ní ọjọ́ tí ọyẹ́ dé ni ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú mi, mo sì jókòó tì í di ọ̀sán bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo rọra. Bí mo bá fá a díẹ̀, n ó gbé e sókè, n ó fi ìka kàn án, n ó gbọ́ ohùn rẹ̀, n ó tún fá a díẹ̀. Ọ̀gànwó ni mo fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìhà rẹ̀. Ìhà náà tinrin bí ìwé líle, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ láìṣẹ́. Páìpù irin kan ni mo kó ẹ̀yín iná sínú rẹ̀, tí mo ń fi omi ra igi náà tí mo sì ń rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ páìpù gbígbóná náà títí ó fi gbà. Mẹ́jọ ṣẹ́ kí mẹ́fà tó gbà. Ẹ̀ka igi orógbó ni mo gbẹ́ fún àwọn èèkàn kékeré tí a fi ń fa okùn le. Osùn ni mo pò mọ́ fáníìṣì tí mo fi kùn ún, ó sì pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà Èmùré lẹ́yìn òjò. Okùn rẹ̀ nìkan ni n kò lè ṣe. Ọmọ mi obìnrin ni ó rà á ránṣẹ́.

N kò lo gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà, nítorí pé ìwé mi sọ pé ohun tí a bá fi àtè awọ lẹ̀ ni a lè tú palẹ̀ tún ṣe bí àìsàn bá mú un. Mo bá se awọ màlúù lórí ẹ̀yín iná láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, fún ọjọ́ mẹ́ta. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Obìnrin opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di imú.

"Tísà, ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ gbogbo pọ̀nmọ́ yìí?"

"Fáyólìn ni yóò jẹ ẹ́."

"Háà! Ẹranko tó ń jẹ pọ̀nmọ́, tí kì í ju ìrù!"

Òun ni ó wá ń bá mi di igi mú nígbà tí mo ń lẹ̀ ẹ́. Òun náà ni ó kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí mo fi ń ṣe é. Mo ní nítorí pé kò sí ẹni tí ó fún mi ní ọ̀kan. Ó wò mí, ó tún di igi náà mú.

Ọ̀pá rẹ̀ ni ó kù, èyí tí a na irun ẹṣin sí lára, tí a ń fà lórí okùn. Ibo ni n ó ti rí irun ẹṣin? Bàbá mi jẹ oyè kékeré kan kí ó tó kú. Nígbà tí a pín ẹrù rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó fìlà, wọ́n kó iyùn, wọ́n ní kí n mú ìrùkẹ̀rẹ̀ tí kòkòrò ti ń jẹ ìdí rẹ̀. Ìrù ẹṣin gidi ni. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ṣa èyí tí ó gùn tó, ó sì tó ọ̀pá kan péré. Bí n kò bá ní nǹkan mìíràn láti dúpẹ́ fún lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ fún ojúkòkòrò wọn.

Oṣù mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀ gbà mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń bọ̀, mo fa ọ̀pá náà lórí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ ní èéfín nínú díẹ̀, bí ohùn obìnrin tí ó ti sunkún tán tí ó wá ń sọ̀rọ̀. Mo jókòó lórí àpótí. N kò sunkún, mo tún fa ọ̀pá náà. Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́, mo ń ta orin ìjọ lójú fèrèsé, ọ̀nà tí àwọn akọrin ń gbà lọ fi orin kọ́ra sì gba ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kọjá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí ó dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní ọjọ́ ìkórè, ní ojú Ọ̀gá Akọrin, kí gbogbo ìjọ sì mọ̀ pé ọwọ́ tí ó di ọmọ odó mú ni ó ṣe é. N ó fi í sílẹ̀ fún ìjọ lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. N kò fẹ́ kí ó bẹ̀ mí. Kí ó ṣáà gbọ́ ọ.

Ní ìjọ wa, ohun gbogbo tí a bá gbé wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè ni a ń fi òróró pa. Alùfáà yóò gbàdúrà, lẹ́yìn náà yóò gbé ìgò òróró fún ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí ẹni tí ó mú ẹ̀bùn wá, òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á lára nǹkan náà. Mo ti rí i tí wọ́n pa á lára ẹ̀rọ ìránṣọ, lára páànù ìbolé, lára jẹnẹrétọ̀. Lọ́dún kan, wọ́n pa á lára àpò sìmẹ́ńtì. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí wa ni àbúrò bàbá mi.

Irun ẹṣin kì í dá mú okùn dún. Oje igi tí ó ti le, tí wọ́n ń pè ní rọ́sìn, ni a fi ń pa á kí ó lè di okùn mú. Bí òróró bá kan irun náà, iṣẹ́ ti parí. Yóò máa yọ̀ lórí okùn bí ẹsẹ̀ lórí àpáta tútù. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìkórè, mo lọ bá alùfáà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ ní ìlú, mo ṣàlàyé fún un bí mo ti ń ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì.

"Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ó wí. "Ẹ̀yìn igi nìkan la ó kàn. N ó sọ fún Bàbá fúnra mi."

Mo gbà á gbọ́. Mo lọ sílé, mo sì dán bàtà.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ náà. Iṣu wà nílẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, àwọn adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ ń ké lábẹ́ bẹ́ńṣì. Nígbà tí ó kàn mí, alùfáà ní, "Fáyólìn tí ìyá wa fi ọwọ́ ara wọn ṣe!" Ìjọ hó. Àwọn obìnrin dìde láti wò ó. Alùfáà gbàdúrà, ó gbé ìgò òróró fún Ọ̀gá Akọrin. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, irun orí rẹ̀ funfun lórí aṣọ akọrin rẹ̀. Ó fi òróró pa ẹ̀yìn fáyólìn náà, ó pa ọrùn rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí mi.

"Ọ̀pá náà ńkọ́?"

Mo ti fi í pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo wo alùfáà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kàn lẹ́yìn mi ni ó ń pè wá síwájú.

"Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni mo wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ìjọ lè gbọ́. "Àbí o fẹ́ kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́run, kí ìdajì jẹ́ ti ayé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Tísà, ẹ fún Bàbá!" Mo sì fún un. Ibi yìí ni mo ti jẹ̀bi, n kò ní fi pamọ́. Obìnrin tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé kí wọ́n má gbà fún ẹni tí kò tọ́, ó gbé iṣẹ́ oṣù mọ́kànlá lé àgbàlagbà kan lọ́wọ́ nítorí pé a kì í bá àgbà jiyàn níwájú pẹpẹ. Ó da òróró sí àtàńpàkò rẹ̀ àti ìka méjì, ó fi wọ́n há irun náà, ó sì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó yá, ta á fún wa," ni ó wí.

Mo gbé e sí àgbọ̀n. Mo fa ọ̀pá. Kò dún. Ohun tí ó jáde kò ju ohùn ẹni tí ń fi ọwọ́ nu ògiri lọ. Mo tún fà á, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọ̀pá náà fi fẹ́ tẹ̀. Kò dún. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin kan, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀: "Igi pósí ìyá rẹ̀ ló mà fi ṣe é! Ìyá ló ń bínú." Ọ̀rọ̀ náà sì lọ láti bẹ́ńṣì dé bẹ́ńṣì bí iná inú pápá. Mo ń gbọ́ ọ bí ó ṣe ń lọ.

Àbúrò bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. "Kò burú. Bóyá ó ku ohun tí yóò tún ṣe. Kí ó gbé e padà sílé." Ó ṣí àpótí tirẹ̀, ó gbé fáyólìn òyìnbó rẹ̀ jáde, ó sì ta orin tí mo ti fẹ́ ta. Ó dùn. N kò lè parọ́ mọ́ ọn. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi parí nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní kí n jókòó.

Mo fọ irun náà pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ọtí líle fọ̀ ọ́, kò gbà. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó rí irun mìíràn lọ́dọ̀ ọkùnrin Haúsá kan ní Àkúrẹ́ tí ó ń sin ẹṣin. Ní ọjọ́ tí mo nà án, fáyólìn náà dún bí ó ti ń dún tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Mo ṣàlàyé fún àwọn ìyá ìjọ, wọ́n ní òróró mímọ́ kì í ba nǹkan jẹ́, àfi bí nǹkan náà bá ní ohun tí ó ń bò mọ́ra. Fáyólìn Pósí ni wọ́n sọ ọ́. Wọn kò jẹ́ kí ó tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́, èmi náà sì lọ jókòó sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ohun tí ó jẹ mí níyà jù ni pé n kò mọ̀ bóyá àbúrò bàbá mi mọ ohun tí ó ń ṣe. Opó tí ó kọjú sí mi ní kí n fi ọkàn balẹ̀. "Àgbàlagbà ni, ojú ti ń ṣú u. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń fi òróró pa." Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọkùnrin kan nínú àwọn mẹ́fà àtijọ́, ẹni tí ó jẹ àkàrà tán tí ó fi ọwọ́ kan irun ọ̀pá. Ẹgba mẹ́fà ni ó jẹ lọ́wọ́ Ọ̀gá Akọrin. Ẹni tí ó na ọmọ nítorí epo àkàrà, ṣé ó lè gbàgbé? Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n gbé alùfáà náà lọ sí Ìgbàrà-Odò. Mo wọ takisí lọ bá a níbẹ̀. Mo bá a níbi tí ó ti ń sá kòkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ẹ sọ fún un?" ni mo bi í.

Ó ronú. Ọmọlúwàbí ni, ó fẹ́ sọ òtítọ́. "Mọ̀mí, mo rò pé mo sọ fún un. Ọ̀sẹ̀ ìkórè ni, ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́rùn mi. Mo rò pé mo sọ fún un." Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi, mo mu ún, mo sì padà sílé bí mo ti lọ.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ìkórè náà ni apá àti ẹsẹ̀ kan rọ mọ́ àbúrò bàbá mi lára. Ó ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. N kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n mo lọ. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tí ó fi ń tẹ okùn, wà lórí aṣọ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó bèèrè orúnkún mi. Ó bèèrè àwọn ọmọ. Ó ní òjò ọdún náà pẹ́. Mo ń dáhùn, mo sì ń dúró.

"Ṣé nǹkan yẹn ṣì wà?" ni ó wá bèèrè.

"Ó wà, Bàbá."

"Ṣé ó ń dún?"

"Ó ń dún láti ọjọ́ tí mo ti pààrọ̀ irun tí ẹ fi òróró pa."

Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ gbójú sókè wò mí. Mo ti dìde. Mo ní, "Mo fẹ́ bi yín ní ohun kan, Bàbá, ẹ má sì fi ọjọ́ orí yín dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ ìkórè yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tí òróró ń ṣe fún irun ẹṣin, àbí ẹ ti gbàgbé?" Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Alùfáà sọ fún mi, kò sì pọn dandan kí ó sọ ọ́, mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ti ń gbọ́ fáyólìn rẹ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan mo dúró títí o fi ta á tán, ẹsẹ̀ sì dùn mí. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n fún ọdún méjì kí ìkórè yẹn tó dé, kò sí ẹni tó mọ̀. Bí tìrẹ bá dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò tún bèèrè tèmi?"